ICAN, ACCA: Báwo ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ ṣe lè kàwé di chartered accountant?

Aago mẹ́rin ìdájí kì í tíì lù tí álàámù fóònù àbúrò mi obìnrin fi máa ń dún ní Mararaba.

Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, ṣùgbọ́n Abuja ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Tí èèyàn kò bá kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè lo wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kó tó dé àárín ìlú. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn lálẹ́.

Ẹ̀ka ìṣirò owó ni àbúrò mi wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Abuja. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọ kan. Ìdánwò ICAN ló ń kàwé fún láàárín gbogbo eléyìí.

Nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kì í ṣe jíjí tó ń jí lóru ló yà mí lẹ́nu jù. Bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì ni. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, ìyẹn iye wákàtí tó ní láti fi kàwé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ìdánwò oṣù Kọkànlá tó dé. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó ní nígbà tí òun ṣe ìdánwò ní oṣù Karùn-ún, òun kò ka wákàtí kankan, òun kàn sanwó ni.

Pépà mẹ́rin ló kù fún un ní ìpele náà nígbà yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ṣe papọ̀. Ó yege nínú méjì. Ó gba máàkì 47 nínú ọ̀kan lára àwọn méjì tó kù, bẹ́ẹ̀ 50 ni wọ́n ń fẹ́. Máàkì mẹ́ta yẹn gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí dìgírì nìkan kò tó?

Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì, tàbí tó gba HND ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, kò tíì di chartered accountant. Àjọ àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn ló ń fúnni ní orúkọ yẹn, lẹ́yìn ìdánwò tiwọn àti ìrírí lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju kí èèyàn kọ lẹ́tà mẹ́ta sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ lọ. Òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn CAMA ti ọdún 2020, sọ pé ẹni tó bá máa yẹ ìwé owó iléeṣẹ́ wò, tó sì máa fọwọ́ sí i, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ akáńtáǹtì tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀. Méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni ICAN, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, àti ANAN, tí òfin tirẹ̀ jáde lọ́dún 1993.

Ọ̀dọ̀ ACCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1904, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lọ báyìí, pàápàá àwọn tó ń wo iléeṣẹ́ ńláńlá tàbí òkè òkun. Ìwé ẹ̀rí tó níyì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kaduna tàbí Port Harcourt, tó fẹ́ máa fọwọ́ sí ìwé owó àwọn iléeṣẹ́, yóò ṣì nílò àjọ tí òfin Nàìjíríà mọ̀. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó parí ìdánwò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kó ti béèrè rẹ̀ kó tó fi orúkọ sílẹ̀.

Nígbà kan rí, kò tilẹ̀ sí ìdánwò tí èèyàn lè ṣe nílé. Ìlú Ọba ni Olóyè Akintola Williams ti di chartered accountant lọ́dún 1949, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1952, òun náà ló sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ohun tó gba ìrìnàjò sí òkè òkun lọ́wọ́ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kan lè ṣe lónìí láì kúrò ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Àkókò ló wá ṣòro láti rí.

Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò ICAN ní: Foundation, Skills àti Professional. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda Foundation fún ẹni tó bá ti gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó nílé ẹ̀kọ́ tí àjọ náà fọwọ́ sí, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti Skills. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn lè wọlé, àmọ́ láti ìsàlẹ̀ ni. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì, tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ lónìí, Foundation ni mo máa bá pàdé. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama nìkan náà ní ọ̀nà tirẹ̀. ATSWA ni wọ́n ń pe ìdánwò yẹn, àwọn tó ń ran akáńtáǹtì lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Abẹ́ ABWA ló wà, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn àjọ akáńtáǹtì ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1982. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ghana fi lè jókòó ṣe é. Tí èèyàn bá parí rẹ̀, ó lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ìdánwò àwọn àgbà.

Pépà 13 ni ti ACCA fún ẹni tí wọn kò yọ̀ǹda ìkankan fún. Wọ́n lè yọ̀ǹda tó 9 fún ẹni tí dìgírì rẹ̀ bá yẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tí wọ́n ń yọ̀ǹda mẹ́rin tó kẹ́yìn fún. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà lọ́dún, ní oṣù Kẹta, oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kejìlá. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá ni ICAN ń ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà ANAN yàtọ̀. Ẹni tó ti ní dìgírì tàbí HND ló ń gbà, ó sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ ní Kwall, nítòsí Jos, níbi tó ti ń kọ́ wọn. Kí òṣìṣẹ́ tó ń wo ọ̀nà yìí kọ́kọ́ béèrè iye ìgbà tó máa ní láti fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa ní Benin àti Togo mọ̀ pé ètò tiwọn kò bá èyí mu rárá. Ìlànà ìṣirò owó OHADA ni wọ́n ń lò, ìwé ẹ̀rí DECOFI tó wà fún àwọn orílẹ̀èdè UEMOA ni àwọn tó fẹ́ dé òkè pátápátá ń lépa, èdè Faransé sì ni. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn, a lè padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ka wákàtí yín kí ẹ tó sanwó

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí fìríìjì.

Oṣù Kẹjọ ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún àwọn pépà méjì tó ṣẹ́kù. Ó ti gbìyànjú láti máa kàwé lálẹ́, àmọ́ orí ìwé ló máa ń sùn sí. Ó gbé e sí ìdájí: aago mẹ́rin sí márùn-ún, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí márùn-ún nìyẹn. Ó ń lọ fún lẹ́sìnnì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún wákàtí mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ máa ń mú ọmọ jáde lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sì ń rí wákàtí mẹ́ta níbẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12 lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 13 ló wà láàárín ìgbà náà sí ìdánwò. Ẹni tí kò bá fura á ní ìlọ́po 12 lọ́nà 13, wákàtí 156. Akáńtáǹtì ni òun, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ti ìwé owó pa níbi iṣẹ́ òun, kò sì sí ìwé tí èèyàn ń kà lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kúrò fún oṣù mẹ́ta. Ó ku ọ̀sẹ̀ 10, wákàtí 120.

Tí a bá pín 120 sí pépà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 60. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, bó ṣe ṣe ní oṣù Karùn-ún, 30 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni 47 yẹn ti wá. Ọpọlọ rẹ̀ kò kúkú yí padà láàárín ìgbà méjèèjì.

Mo béèrè bóyá wákàtí tó ń lò nínú bọ́ọ̀sì kò sí nínú ìṣirò náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó máa ń fi etí gbọ́ ẹ̀kọ́ tó ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù lójú ọ̀nà Nyanya, àmọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ń rán an létí. Kò sẹ́ni tó lè to ìwé owó iléeṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ sí ọ̀kan nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń béèrè owó ọkọ̀. Ó sì dára bí kò ṣe kà á mọ́ ọn, nítorí wákàtí tí èèyàn fi ń tan ara rẹ̀ jẹ burú ju èyí tí kò ní lọ.

Àǹfààní kan wà fún àwọn tó ń ṣe ACCA níbí. Èèyàn lè mú pépà kan ṣoṣo nígbà ìdánwò kan, mẹ́rin sì ni wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ tó ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lọ́ra bí àwọn èèyàn ṣe rò, nítorí ìgbà mẹ́rin ni àǹfààní rẹ̀ ń wá lọ́dún. Àmọ́ òfin kan ń ṣọ́ ẹni tó bá fà á jù: láti ọjọ́ tí èèyàn bá ti kọ́kọ́ yege nínú pépà kan ní ìpele tó kẹ́yìn, ọdún méje ló ní láti parí ìpele náà. Pépà tó bá ti pẹ́ ju ọdún méje lọ yóò já, yóò sì ní láti tún un ṣe.

Owó tí wọn kì í sọ fúnni

Owó ìdánwò nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè. Ó yẹ kí wọ́n tún béèrè owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọdọọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san, owó lẹ́sìnnì, àti owó àwọn pépà tí wọ́n yọ̀ǹda. Bẹ́ẹ̀ ni, pépà tí ẹ kò jókòó ṣe náà ní owó tirẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò san owó ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí akẹ́kọ̀ọ́ ACCA bá gbàgbé owó ọdọọdún rẹ̀, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bó bá sì pẹ́ kó tó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, iye tó máa san á lé sí i.

Náírà ni wọ́n ń san fún ICAN. Pọ́n-ùn ni ti ACCA, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀kún fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Kí báńkì àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan níye ti ìjọba. Ó ti kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Pọ́n-ùn náà gun òkè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022 pẹ̀lú ìṣirò pé owó oṣù òun á tó o, kó tó dé ìdajì ọ̀nà, iye tó ń san ti di ìlọ́po mẹ́ta láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún owó oṣù rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń bá òṣìṣẹ́ wọn san án. Ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Òmíràn á ní tí ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ̀yin lẹ máa san án padà. Òmíràn á ní ẹ kò gbọdọ̀ kúrò fún iye ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ bá yege, ìyẹn ni pé àkókò tí owó yín lójà ga jù lọ gan-an ni wọ́n dè yín mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ àdéhùn tó dáa síbẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń tà.

Ìmọ̀ yìí máa ń bà jẹ́ bí oúnjẹ

Ìdí mìíràn wà tí kò fi dáa kí èèyàn fa ìdánwò yìí sí ọdún mẹ́wàá. Ohun tí ẹ kọ́ lè má wúlò mọ́ kí ẹ tó parí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó orí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun mẹ́rin, àwọn kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. FIRS tí gbogbo wa mọ̀ di Nigeria Revenue Service. Ọ̀pọ̀ òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ ti há sórí fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n kó pọ̀ sínú ìwé tuntun tàbí tí wọ́n pa rẹ́. Ẹni tó ń gbé pépà owó orí kiri láti ọdún 2023, ìwé tó rà nígbà náà ti di ìwé ìtàn.

Kì í ṣe owó orí nìkan. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà ti ń lo ìlànà IFRS tó kárí ayé láti ọdún 2012, ìlànà náà sì ń yí padà. IFRS 18, tó sọ bí iléeṣẹ́ ṣe máa to èrè àti àdánù rẹ̀ sójú ìwé, yóò gba ipò IAS 1 láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní pépà púpọ̀ nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ parí èyí tí òfin rẹ̀ fẹ́ yí padà, tàbí kí ẹ dúró kí ẹ kọ́ òfin tuntun. Èyí tó léwu ni kí ẹ wà láàárín méjèèjì. Àjọ kọ̀ọ̀kan ló ń kéde ọjọ́ tí ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tuntun. Ẹ wo ìkéde yẹn kí ẹ tó ra ìwé, ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí olùkọ́ lẹ́sìnnì sọ nìkan.

Ìṣẹ́jú 36

Mo ka ìwé kan tí ICAN ń gbé jáde lẹ́yìn ìdánwò, Pathfinder ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó máàkì ìdánwò náà sì wà níbẹ̀. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn olùmáàkì ń tún rò: àwọn èèyàn kò ka gbogbo ẹ̀kọ́ tán, wọn kò sì lóye ohun tí ìbéèrè ń béèrè.

Àbúrò mi ní ohun mìíràn tún wà, àkókò. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15 ni pépà ìpele Skills, ìṣẹ́jú 15 yẹn sì wà fún kíka ìbéèrè. Ó ku ìṣẹ́jú 180 fún máàkì 100. Ìbéèrè tó bá ní máàkì 20 kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú 36 lọ. Ní oṣù Karùn-ún, ó lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí ọ̀kan nítorí pé ìwé owó tó ń tò kọ̀ láti dọ́gba lápá ọ̀tún àti apá òsì. Ó ń wá ibi tí àṣìṣe wà bí ẹni pé ọ́fíìsì ló wà. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á yìn ín fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbéèrè mìíràn tó mọ̀ dáadáa ló fi sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn.

Kò ye ọ̀pọ̀ èèyàn pé olùmáàkì ń fún èèyàn ní máàkì lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá kọ bí ẹ ṣe ṣírò ó sílẹ̀, tí ìdáhùn ìkẹyìn kò sì tọ̀nà, ẹ ṣì lè kó èyí tó pọ̀ nínú máàkì rẹ̀. Ìwé tí kò dọ́gba lè yege. Ìwé òfìfo kò lè yege.

Ó wá ra aago kékeré kan tó ń gbé sórí tábìlì. Láti oṣù Kẹwàá, kò ka ẹ̀kọ́ tuntun mọ́ ní ìdájí. Ìbéèrè kan ló ń ṣe, ìṣẹ́jú 36, kó tó lọ wẹ̀. Tí aago bá dún, á gbé bírò sílẹ̀, ì báà jẹ́ àárín gbólóhùn ló wà.

Ó ṣe ìdánwò náà ní oṣù Kọkànlá. Nígbà tí èsì jáde, mi ò sí ní Abuja mọ́, ó sì tẹ̀ mí láago láti inú bọ́ọ̀sì. Ariwo ọkọ̀ pọ̀ débi tí mi ò gbọ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Mo gbọ́ èkejì: 56. Àkọ́kọ́ jẹ́ 61, bó ṣe tún un sọ fún mi nígbà tó délé.

Ìpele Professional ló kù báyìí, Case Study sì wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kan kalẹ̀ odindi pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà á nímọ̀ràn. Bébà tuntun ti wà lára fìríìjì. Oṣù tó kọjá, ó ya á lóòtọ́, ó sì tún òmíràn kọ, nítorí pé wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn níbi iṣẹ́, wákàtí 12 sì ti di 9.